Òkúta Tó Já sí Aṣálẹ̀: Ta Ló Ni Ín?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba fún àwọn ará Ijala, Warri

Mo júbà ilẹ̀ yìí kí n tó la ẹnu, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ àwọn Olú, ìyẹn àwọn ọba Warri, sí kì í ṣe ibi tí àlejò ń yà sí láìkágò.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òkúta tó ń já bọ́ láti òfurufú, àti lórí àwọn tó ń wá a kiri nínú aṣálẹ̀. Mo ti ń wo ojú àwọn kan níwájú yìí. Wọ́n ń rò ó pé kí ló kan ọmọ olómi kan yanrìn Sàhárà. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. A máa dé orí epo rọ̀bì láìpẹ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n lu òkúta kan ní gbàǹjo ní ilé Sotheby's ní New York. Kílò 24.67 ni òkúta náà. Ẹnì kan tí kò fẹ́ ká mọ orúkọ òun dá mílíọ̀nù 4.3 dọ́là lé e. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó iṣẹ́ mọ́ ọn, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.3. Kò sí wúrà nínú rẹ̀, kò sí dáyámọ́ńdì. Òkúta pupa rúsúrúsú kan báyìí ni, tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i lẹ́bàá títì, ẹ lè fi dá táyà ọkọ̀ dúró. Ohun tó sọ ọ́ di olówó iyebíye ni pé láti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló ti wá, kò sì sí èyí tó tóbi tó o nínú gbogbo òkúta Máàsì tí ọmọ ènìyàn tíì rí láyé. Èyí tó tẹ̀ lé e, Taoudenni 002 tí wọ́n rí ní Málì, kílò 14.51 ni.

Ọdẹ òkúta kan ló rí òkúta New York yìí ní agbègbè Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Kí ó tó dé Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe àfihàn rẹ̀ ní Ítálì. Lẹ́yìn tí wọ́n tà á tán ni ariwo sọ ní Niamey, olú-ìlú Niger. Ìjọba Niger ní àwọn máa wádìí bó ṣe kúrò nílùú, wọ́n sì dá kíkó òkúta iyebíye àti òkúta òfurufú jáde dúró ná. Ilé gbàǹjo ní tiwọn ní gbogbo ìwé rẹ̀ ló pé. Ẹ fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀ ná. A óò padà sí i.

Báwo ni òkúta Máàsì ṣe ń dé ilẹ̀ adúláwọ̀? Òkúta ńlá kan láti òfurufú á kọ lu Máàsì, ìkọlù náà á le débi pé àpáta ibẹ̀ á fọ́ dànù sókè, kò sì ní padà sílẹ̀ mọ́. Àfọ́kù yìí á máa rìn kiri, nígbà mìíràn fún mílíọ̀nù ọdún, títí ayé wa á fi pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá ní àlọ́ nìyẹn, ẹ má bá a jà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gan-an kò gbà á tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló yí wọn lọ́kàn padà. Ní 1976, ọkọ̀ òfurufú Viking méjì láti Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Máàsì, wọ́n sì wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n rí òkúta kan lórí yìnyín Antarctica, àwọn onímọ̀ Donald Bogard àti Pratt Johnson sì yọ afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀. Ní 1983 wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí: ó bá èyí tí Viking wọ̀n mu. Afẹ́fẹ́ Máàsì ti há sínú òkúta lọ́jọ́ ìkọlù, ó sì bá a rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa nílé-ìwé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ó ń lé kannakánná kúrò lórí ọkà. Ó gbọ́ ìró ńlá kan, afẹ́fẹ́ sì bì lù ú. Èéfín rú, nǹkan sì gbá ilẹ̀ gbì, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ibi tó dúró sí. Bọ́ǹbù ló rò pé ó jẹ́. Ó dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Òkúta dúdú ló bá nínú ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, nǹkan bíi kílò 18. Láti Máàsì ló ti wá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré ló sì kù kó já lé àgbẹ̀ Katsina lórí.

Wọ́n gbé òkúta Zagami lọ sí Kaduna, sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìmọ̀ àpáta fún ìjọba, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún púpọ̀. Ní 1988, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò òkúta ará Amẹ́ríkà kan, Robert Haag. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó tà á káàkiri ayé. Èyí tó ga jù ni pé nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Mars Global Surveyor lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, wọ́n fi èérún Zagami sínú rẹ̀, wọ́n gbé e padà lọ sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà dákẹ́ ní 2006 lẹ́yìn tó ti yí Máàsì po fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìtàn Zagami ni pé òkúta yẹn ní àdírẹ́sì. A mọ ọjọ́ tó já, a mọ oko, a mọ bí ihò rẹ̀ ṣe jìn tó. Orúkọ ìlú kan ní Nàìjíríà ló wà nínú gbogbo ìwé tí onímọ̀ bá kọ nípa rẹ̀, yálà ní Tokyo tàbí Houston. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lù ní gbàǹjo ní New York, NWA 16788 ni wọ́n ń pè é. NWA dúró fún Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkúta Sàhárà tí kò sí ẹ̀rí tó dájú nípa ibi pàtó tí wọ́n ti ṣà á. Ẹ wo bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe gùn tó, kí ẹ sì ronú iye èyí tó ti bá ọ̀nà yẹn kọjá. Ta ló máa ka NWA 16788 tí á rántí Agadez?

Kí ló wá dé tó jẹ́ aṣálẹ̀ ni wọ́n ń lọ? Òkúta òfurufú kì í yan ibi tó máa já sí. Ó ń já sí Warri bó ṣe ń já sí Agadez, inú òkun ló sì ń já sí jù. Ẹ sáà wo ilẹ̀ tiwa níhìn-ín. Bó bá já sínú ẹrẹ̀ etí odò lóru òní, ẹrẹ̀ á gbé e mì. Bó bá já sínú igbó ẹ̀gbà, ta ni yóò rí i? Èyí tó tilẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, òjò ò ní jẹ́ kó pẹ́. Irin wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹ sì mọ ohun tí òjò Warri ń fi ojú páànù òrùlé rí. Á dípẹtà, á wú, á là, á di ilẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé Uwet, èyí tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Cross River ní nǹkan bí 1903, irin látòkè délẹ̀ ni. Irin gidi náà ń dípẹtà, ṣùgbọ́n ó máa ń fara da ohun tí òkúta lásán ò lè fara dà.

Ní Sàhárà, òjò ṣọ̀wọ́n. Òkúta lè wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá ọdún kó má tíì jẹrà tán. Afẹ́fẹ́ ń gbá yanrìn àti eruku lọ, ohun tó wúwo ń ṣẹ́ kù lójú ilẹ̀, ọdún lórí ọdún, títí ohun tó já ní ayé àwọn baba ńlá wa á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó já lánàá. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó funfun, dúdú rẹ̀ á hàn láti òkèèrè. Ibì kan ṣoṣo ló ju Sàhárà lọ nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni Antarctica. Àwọn ará Japan rí mẹ́sàn-án lórí yìnyín ibẹ̀ ní 1969, àwọn tí wọ́n ti kó níbẹ̀ láti ìgbà náà sì ti lé ní 40,000. Ṣùgbọ́n kò sí darandaran ní Antarctica tó ń ṣà á tà, ìjọba ló ń rán onímọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìjà ibẹ̀ kò fi pọ̀.

Mo ṣèlérí epo rọ̀bì. Ní 1986, ikọ̀ kan láti Jámánì ń wá epo ní Líbíà, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí gúúsù ìlà-oòrùn ìlú Daraj. Àwọn tó ti bá ilé-iṣẹ́ epo rìn nínú yín mọ iṣẹ́ náà: ẹ ń gbin ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró abẹ́ ilẹ̀ lọ lórí ìlà gbọọrọ, ẹ sì ń wolẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Àwọn ará Jámánì yìí ń wolẹ̀, wọ́n sì ń rí òkúta dúdú tí kò bá ará ilé rẹ̀ mu. Nǹkan bíi 65 ni wọ́n rí, gbogbo rẹ̀ láti òfurufú. Àwọn tó ń wá ọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ fi han ayé pé ọrọ̀ wà lójú ilẹ̀ Sàhárà. Kò pẹ́ tí àwọn ọdẹ òkúta láti Yúróòpù fi ya dé pẹ̀lú mọ́tò, àwọn darandaran náà sì rí i pé ohun tí ràkúnmí àwọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, owó ni.

Lónìí, àwọn darandaran yìí ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran láti kékeré, ojú rẹ̀ mú ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ fíìfíì. Ó ṣà á, ó tà á fún alágbàtà, alágbàtà gbé e dé Erfoud tàbí ìlú mìíràn ní Mòrókò, olówó láti ìlú òyìnbó rà á níbẹ̀. Ní ìkáwọ́ kọ̀ọ̀kan ni iye rẹ̀ ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àdírẹ́sì rẹ̀ ń parẹ́, nítorí kò sí alágbàtà tó fẹ́ sọ ibi tó ti ń rí ọjà rẹ̀ fún alátakò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan sọ́wọ́. Èèpo rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa rí: ó dúdú, ó tínrín, kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Bí òkúta náà ṣe ń já wọ inú afẹ́fẹ́ wa, ara rẹ̀ á gbóná yọ́, ohun tó sì yọ́ kẹ́yìn ló dì mọ́ ọn lára. Àwọn mìíràn ní kòtò pẹlẹbẹ káàkiri, bí ibi tí àtàǹpàkò ti wọ inú usi, oúnjẹ sítáàṣì. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí ẹ bá gé e, inú rẹ̀ á ní àwọ̀ eérú, èèrún irin kéékèèké á sì máa dán níbẹ̀. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù ní ilẹ̀ wa ni ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ: òun náà dúdú, òun náà wúwo, ṣùgbọ́n ihò afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan á tún fẹ́ bi mí nípa ẹdùn àrá. Àwọn tí onímọ̀ ìwalẹ̀ ti gbé yẹ̀ wò, àáké òkúta ni wọ́n, tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ gbẹ́ kí irin tó dé. N kò bá onísàngó kankan jà lórí ìyẹn.

Nǹkan kan wà tó ń bí mi nínú nínú iṣẹ́ yìí, òun ni òòfà. Ọdẹ òkúta á so òòfà mọ́ orí ọ̀pá, á máa fi kan gbogbo ohun dúdú tó bá rí, kó lè mọ èyí tó ní irin. Ó yá kíákíá, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkúta Máàsì a máa tọ́jú àmì agbára òòfà tí Máàsì fúnra rẹ̀ ní nígbà tó ṣì wà léwe. Ẹ fi òòfà ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, àmì yẹn ti parẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí NWA 7034 nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Black Beauty, tí èròjà inú rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù 4.4 ọdún. Ní 2023 àwọn onímọ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé òòfà àwọn tó ń tà á ti pa ohun tó ní í sọ rẹ́. Ó rìnrìn àjò láti Máàsì tòun ti ẹ̀rí rẹ̀, ọjà ni wọ́n ti gba ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ìtàn àdánù nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sùdáànì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ẹ̀rọ awòràwọ̀ kan ní Arizona rí òkúta kan lókè tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, ó kù díẹ̀ kó kan ayé. Láàárín wákàtí ogún, ó bú gbàmù lókè aṣálẹ̀ Nubia ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ keje. Wọn kò tíì rí irú rẹ̀ kó tó já rí. Àwọn ènìyàn rò pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹ́ kù. Peter Jenniskens, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Muawia Shaddad ní Yunifásítì Khartoum, Shaddad sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, bíi 45, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí aṣálẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Wọ́n tò ní ìlà kan gbọọrọ, ẹnì kan ò jìnnà sí èkejì, wọ́n sì ń rìn lọ síwájú, ojú ilẹ̀ ni gbogbo ojú wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló rí èyí àkọ́kọ́, òkúta dúdú kékeré. Nígbà tí ìrìn náà parí lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, nǹkan bí 600 àfọ́kù ni wọ́n ti ṣà, tó jẹ́ kílò 10.7. Gbogbo rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti rí i nínú ìwé. Almahata Sitta ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè kan nítòsí ibẹ̀. Wọn ò lo owó ńlá. Ojú ọ̀dọ́ tó pọ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ ohun tó ń wá ni wọ́n fi ṣe é.

Mòrókò náà ti ń jí. Nígbà tí òkúta Máàsì já sí ẹ̀bá Tissint ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2011, àwọn darandaran rí i ní oṣù Kẹwàá, wọ́n tà á lówó iyebíye. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Lọ́ńdọ̀nù gba èyí tó ju kílò kan lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Hasnaa Chennaoui Aoudjehane, láti Yunifásítì Hassan II ní Casablanca, ló ṣáájú àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣíwájú nínú ìwé tí ìwé ìròyìn Science tẹ̀ jáde ní 2012. Mòrókò ti fi òkúta òfurufú sínú òfin ìwakùsà wọn báyìí.

N kò bá ọdẹ òkúta wí. Ẹni tó rìn nínú oòrùn Agadez, tó gbé kílò 24 dìde, ẹ fẹ́ kó ṣe kí ni? Kó kọ lẹ́tà sí yunifásítì tí kò ní ẹ̀rọ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀yin ará Warri ló yẹ kẹ́ ẹ yé ọ̀rọ̀ yìí jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan epo ní Oloibiri ní 1956 ni a ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wọn ọjà ẹni fún ẹni. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ló ń dá iye lé e. Niger fi òfin dé ọjà lẹ́yìn tí ọjà ti kọjá. Wọ́n lè di ẹnubodè pa títí, bí kò bá sí yàrá ìwádìí ní Niamey tó lè sọ pé láti Máàsì ni òkúta kan ti wá, òkúta á ṣì máa jáde, á kàn jáde lóru ni.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tó já láti òkè lánàá, tó dúró sórí koríko, ṣé ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ ni? Ní Amẹ́ríkà, bó bá já sórí ilẹ̀ aládàáni, ti onílẹ̀ ni. Mo máa fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn agbẹjọ́rò tó wà níbí á sọ.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Akure ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020. Nǹkan bú gbàmù ní Ìlúàbọ̀, ilé wó, ilé-ìwé wó, ihò ńlá yọ sójú títì. Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ Ondo nígbà náà, ní ọkọ̀ tó gbé àdó olóró lọ síbi ìfọ́kùúta ló bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Ifẹ̀ ní òkúta òfurufú ni. Gbogbo orílẹ̀-èdè pín sí méjì, àwọn onímọ̀ òkèèrè dá sí i. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òkúta fúnra rẹ̀ ló máa ń dá a: ẹ gbé èyí tó ní èèpo dúdú wá, ká gé e, ká wo inú rẹ̀. Bí kò bá sí òkúta, ẹnu lásán ló kù.

Nítorí náà, bí iná bá gba ojú ọ̀run Ijala kọjá lóru ọjọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ wo aago, kí ẹ sì rántí apá ibi tó gbà àti ibi tó forí lé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ẹ bá rí òkúta, ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà kí ọwọ́ tó kàn án, kí ẹ fi bírò tàbí kọ́ọ̀bù tì í ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi òòfà kàn án. Ẹ fi bébà tó gbẹ wé e, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ náà, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ àpáta ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Wọ́n á fẹ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ má janpata. Kí òkúta tó lè gba orúkọ lọ́dọ̀ àjọ àgbáyé tó ń rí sí i, gíráàmù 20 tàbí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, èyí tó bá kéré jù, gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ fún àwọn onímọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé Ijala ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba rìsíìtì.